Ọ̀nà Odò Kì Í Ṣe Ti Làmídì

Àwọn ẹbí ti kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní bí mo bá máa kọ nǹkan nípa Bàbá, kí n kọ èyí tó dáa, nítorí òkú kò lẹ́nu tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀. Mo ti gbọ́. Èyí tó dáa náà ni mo fẹ́ kọ. Bàbá mi àgbà, Sùnmọ́nù, tí gbogbo ẹ̀yìn Ìbògùn mọ̀ sí Bàbá Ológeere, kì í gbàgbé ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́. Lójú tèmi, ohun tó dáa jù lára rẹ̀ nìyẹn. Bí kì í bá ṣe pé inú rẹ̀ le, ọ̀nà tó ti abúlé wa lọ dé etí odò Ògùn ì bá ti wà nínú ọgbà olówó kan lónìí, kò sì sí ẹni tí yóò rántí pé ọ̀nà kan wà níbẹ̀ rí.

Làmídì ló fẹ́ gba ọ̀nà yẹn. Ẹ ó rí i pé mi ò pè é ní Alhaji. Mo mọ̀ pé ó lọ sí Mẹ́kà. Ẹni tó bá wù kó máa pè é bẹ́ẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ Bàbá ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí. Dúdú ni tẹ́lẹ̀, kí oòrùn tó bó ọ̀dà ara rẹ̀. Awọ ewúrẹ́ ni Bàbá fi bo ìjókòó rẹ̀, agogo rẹ̀ sì ń dún débi pé bí Bàbá bá wà ní ìsàlẹ̀ òkè, ìyá mi á ti gbé omi ẹ̀bà kaná. Bó bá fẹ́ gun òkè, á há orógbó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò ní jẹ ẹ́. Ó dìgbà tó bá dé téńté òkè kó tó rún un. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹni tó bá jẹ orógbó nísàlẹ̀ òkè, kí ni yóò jẹ lókè?"

Nǹkan méjì ló lè mú un sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́: àgbà àti ejò. Nígbà tí mo fi máa gbọ́njú, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó jù ú lọ mọ́ ní àdúgbò wa, ejò nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n kí ọmọdé má sọ̀ kalẹ̀ kó kí òun, háà, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Tíṣà ọ̀dọ́ kan dé láti ọ̀nà Ọ̀ṣun, ó pàdé Bàbá lójú ọ̀nà, ó kàn juwọ́ látorí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó ní "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ó kọjá lọ. Bàbá yí kẹ̀kẹ́ padà, ó tẹ̀ lé e, ó ń lu agogo lẹ́yìn rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Àwọn ọmọ ilé ìwé sáré jáde. Tíṣà sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun. Bàbá ní, "Ẹ̀ẹ̀kan yẹn, táyà mi lo kí. Èmi lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí yìí."

Ọ̀nà odò ni gbogbo wa ń pe ọ̀nà náà. Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí abúlé wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Yangí pupa àti òkúta wẹ́wẹ́ ló wà lójú rẹ̀. Ó wọ inú igbó, ó la odò kékeré kan kọjá níbi tí a ti máa ń gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, ó wá gun Òkè Ọ̀bọ. Bí èèyàn bá dé téńté ibẹ̀ láàárọ̀, á rí àfonífojì odò Ògùn lódindi, tí kùrukùru sùn lé e lórí. Lódì kejì, èéfín Mówe ń rú. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà á wá dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀ láàárín igi ńláńlá, òkúta á máa fò lẹ́sẹ̀ táyà, títí dé etí omi. Ọlọ́pẹẹrẹ á fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ gbé èèyàn àti kẹ̀kẹ́ sọdá, ó di Mówe. Bàbá máa ń gbé obì lọ síbẹ̀ fún àwọn tó ń kó o lọ sí Èkó. Bí mo bá gba ìsinmi, èmi náà á wà lórí kárià, mo di apẹ̀rẹ̀ obì mú, mo ń pariwo.

Òun ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀ lórí Òkè Ọ̀bọ, mo rí òkúta kan láàárín ọ̀nà. Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n gbá òkúta yìí. Mo tẹjú mọ́ ọn, mo tẹjú mọ́ ọn, mo sì lọ gbá a tààrà. Orúnkún mi bó. Bàbá rẹ́rìn-ín títí kó tó gbé mi dìde. Ó ní, "Òkúta lò ń wò, òkúta lo sì bá. Ibi tí o bá ń lọ ni kí o máa wò, Ràlí."

Ẹ má rò pé gbogbo èèyàn ló ń bá jà o. Ó kàn ní ọ̀nà tirẹ̀ ni. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan wà ní Ìfọ̀ tó ń bá a lẹ túùbù. Ọkùnrin yìí yọ túùbù tuntun lára kẹ̀kẹ́ Bàbá, ó fi èyí tó kún fún àlẹ̀mọ́ rọ́pò, ó rò pé arúgbó ò ní mọ̀. Bàbá lọ ra gọ́ọ̀mù àti irin tí wọ́n fi ń họ ojú túùbù, ó jókòó sábẹ́ igi obì tòun ti irun funfun lórí, ó kọ́ bí a ṣe ń lẹ túùbù. Láti ọjọ́ náà, bí táyà bá jò ní Ìfọ̀, á rọra ti kẹ̀kẹ́ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn. Á kí aránṣọ tó wà lápá ọ̀tún, á kí onígèlè tó wà lápá òsì, á béèrè àlàáfíà ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe á wà láàárín bí òpó. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ìjà tán, ó ní, "Ìjà wo? Mi ò bá a jà. Mo kàn ń rántí ni."

Èmi náà ń lo ọ̀rọ̀ yìí báyìí. Onílé kan wà ní Ìbàfò, níbi tí mò ń gbé, tó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: ọ̀rẹ́ ni Bàbá àti Làmídì tẹ́lẹ̀. Orí kẹ̀kẹ́ kan náà ni wọ́n ti kọ́ gígùn. Wọ́n jọ ń sáré dé odò nígbà ọ̀dọ́, ẹni tó bá kẹ́yìn ló máa ru obì gun òkè. Ilé Làmídì wà ní ìsàlẹ̀ Òkè Ọ̀bọ, lẹ́bàá ọ̀nà náà gan-an, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ sì wà lọ́tùn-ún lósì títí dé etí omi. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó wà láàárín kì í ṣe ti bàbá ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọdún ẹgbẹ̀rún méjì wọlé, tí Ìbàfò kún, tí Mówe kún, tí kálukú ní fóònù lọ́wọ́ tó ń wá ilẹ̀ kiri, ojú àwọn ará Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í wo òdì kejì odò, lọ́dọ̀ wa. Olówó kan fẹ́ ilẹ̀ Làmídì. Ó ní òun ò fẹ́ ilẹ̀ tí ọ̀nà là sí méjì. Ó ní kí ó di odidi kí òun tó rà á. Làmídì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ padà wálé, ó wo ọ̀nà odò, ó sì rí i pé ọ̀nà náà ni ìṣòro.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Bàbá gbé obì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó ń lọ sí Mówe. Ó sọ Òkè Ọ̀bọ kalẹ̀ bó ṣe máa ń sọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ lórí pẹ́dà, ojú lókèèrè. Làmídì ti na wáyà ẹlẹ́gùn-ún dábùú ọ̀nà níbi tí òkè ti tán. Kò fi ààlè kọ́. Kò so àkísà pupa. Ẹni tó ń dẹ pańpẹ́ fún òkété gan-an máa ń fi àmì sílẹ̀ kí ọmọ ẹlòmíì má baà kó sí i. Wáyà gbé Bàbá láyà, kẹ̀kẹ́ sì lọ láìsí òun.

Àwọn obìnrin tó ń lọ pọnmi ló rí i. Obì fọ́n ká ojú ọ̀nà, bùbá rẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ ti bo àyà rẹ̀. Làmídì jáde síta tòun ti pákò lẹ́nu. Ẹ wò ó, "pẹ̀lẹ́" ò wọ́n nílẹ̀ wa. À ń sọ ọ́ fún ẹni tó kọsẹ̀. À ń sọ ọ́ fún ẹni tó sín. Làmídì wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, ó tu itọ́ pákò dànù, ó ní, "Àgbàlagbà wo ló ń gun kẹ̀kẹ́ sáré níbi tí ọ̀nà ò sí?"

Bí wọ́n ṣe gbé Bàbá wọlé ni mo bú sẹ́kún. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Kẹ̀kẹ́ mi ńkọ́?" Nígbà tí a gbé e dé, tó fọwọ́ pa á lára, tó rí i pé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ nìkan ló wọ́, ó mí kanlẹ̀. Ó wá ní, "Ó ní ọ̀nà ò sí. Ó dáa. Kí ojú rẹ̀ là kó máa wò."

Ọ̀rọ̀ dé iwájú Baálẹ̀. Làmídì ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò gbà mọ́ kì í ṣe ọ̀nà mọ́. Ó ní ọ̀kadà àti mọ́tò ni gbogbo èèyàn ń wọ̀ gba títì Ìfọ̀, Sùnmọ́nù nìkan ló kù tó ń ti irin kiri inú igbó. Bàbá kàn ṣí àyà rẹ̀. Baálẹ̀ ìgbà náà, àgbà tó gbọ́n, ní kí Làmídì ká wáyà rẹ̀ kúrò. Ó ní àwọn tó ṣáájú wa ní bí wọ́n ṣe ń dá irú ẹjọ́ yìí: òjò ni wọ́n ń fi í fún. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi àdá tàbí ọkọ́ kan ọ̀nà náà títí òjò yóò fi dá. Bí koríko bá bò ó, igbó ni, ó di ti Làmídì. Bí ilẹ̀ bá hàn láti orí òkè dé etí omi, ọ̀nà ni, kò sì sí ẹni tó lè tà á mọ́.

Làmídì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Táyà Sùnmọ́nù kan ṣoṣo ni yóò bá òjò jà?"

Ojú ọgbẹ́ ò tíì jiná tí Bàbá fi gun kẹ̀kẹ́. Òjò ń rọ̀, ó ń lọ. Ẹrẹ̀ mù ún dé orúnkún, ó ń lọ. Ìyá mi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó gbà á, ẹ má kú sójú ọ̀nà." Ó ní kí ìyá mi dìde kó bá òun wá ọ̀rá tí òun á fi bo agbádá. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń tẹ̀ lé e rí ohun tí kò fẹ́ sọ: táyà kan, ojú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń là. Koríko ń sún mọ́ra lọ́tùn-ún lósì, ó ń ga. Àwọn ará abúlé wa, tí wọ́n ti kígbe pé ọ̀nà àwọn ni, òjò ni wọ́n ń sá fún. Wọ́n ń wọ ọ̀kadà lọ sí Ìfọ̀. Inú ń bí mi sí wọn títí dòní.

Ní etí odò lápá Mówe ni a ti pàdé àwọn ọmọ oníkẹ̀kẹ́ kan. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ní ẹ́sítéètì OPIC, wọ́n ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Kẹ̀kẹ́ wọn ní táyà tó nípọn, eyín sì wà lára táyà náà. Wọ́n dé akoto bíi ti ọlọ́kadà. Wọ́n ní Sátidé ni àwọn máa ń gùn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àjàgbé fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀kan nínú àwọn ní ojú títì márosẹ̀, àwọn wá ń wá ibi tó ní òkè àti igbó.

Bàbá wò wọ́n. "Lési ló ń lé yín?"

Ọ̀gá wọn ní, "Kò sẹ́ni tó ń lé wa, Bàbá. Eré la fi ń ṣe."

"Ẹ jẹun yó tán, ẹ wá ń wá òkè tí ẹ ó gùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo rí i tí ojú Bàbá tàn. Ó kó wọn sínú ọ̀pẹẹrẹ, ó ṣáájú wọn gun Òkè Ọ̀bọ. Méjì bì lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé téńté, tí wọ́n rí odò nísàlẹ̀, wọ́n ń ké bí ọmọdé. Ọ̀gá wọn ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibí?" Bàbá rún orógbó rẹ̀, ó ní, "Àwa mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n padà wá pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìbògùn gbọ́, àwọn náà yá kẹ̀kẹ́, wọ́n dara pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ti àwọn ará abúlé, àwọn ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tẹ̀ lé wọn. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ di ìlà márùn-ún, ó di ẹrẹ̀, ó di ojú ọ̀nà. Làmídì sáré lọ bá Baálẹ̀, ó ní àlejò ni wọ́n, ẹsẹ̀ àlejò kò sí nínú àdéhùn. Baálẹ̀ ní, "Nígbà tí o fẹ́ ta ilẹ̀ fún àlejò, ẹsẹ̀ wọn dáa lójú rẹ nígbà yẹn."

Nígbà tí òjò dá, Baálẹ̀ àti àwọn àgbà fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà láti òkè dé etí omi. Ilẹ̀ pupa ló wà níbẹ̀. Olówó ará Èkó gbé owó rẹ̀ lọ síbòmíì.

Ẹlòmíì á ní ó tó bẹ́ẹ̀. Kò tó Bàbá. Làmídì kó àwọn àgbà sẹ́yìn wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ọ̀rẹ́ padà jẹ́ ọ̀rẹ́. Bàbá fún wọn ní ìjókòó àti omi tútù. Ó ní òun ti gbọ́, ohun kan péré ló kù: kí Làmídì gun kẹ̀kẹ́ òun sọ Òkè Ọ̀bọ kalẹ̀ lọ́la, kí òun na wáyà sísàlẹ̀. Àwọn àgbà rò pé ó ń ṣeré. Làmídì, tó mọ̀ ọ́n láti kékeré, ló kọ́kọ́ dìde.

Èyí tí Bàbá ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ràn jù. Ó pe àwọn ọmọ oníkẹ̀kẹ́ jọ, ó ní àgbà pàtàkì kan ń gbé ní ìsàlẹ̀ òkè, àti pé nílùú wa, ẹnikẹ́ni tó bá kọjá gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kó lu agogo, kó kí i títí yóò fi dáhùn. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni wọ́n. Láràárọ̀ Sátidé, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, wọ́n á dúró sábẹ́ fèrèsé Làmídì, agogo á máa dún, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ tòun ti akoto lórí: "Ẹ káàárọ̀, Bàbá! Ẹ ò jí ire bí?" Ta ló jẹ́ kọ ìkíni? Làmídì á jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, á ní, "Ẹ kú o, ẹ kú o," á wọlé. Ọ̀wọ́ kejì á dé. Bàbá á wà lẹ́yìn igi, tí omi ẹ̀rín ń dà lójú rẹ̀. Ọdún mélòó kan ni èyí fi ń lọ. Làmídì gbé ẹjọ́ lọ pé wọ́n ń kí òun jù, Baálẹ̀ ní òun ò gbọ́ irú ẹjọ́ yẹn rí.

Lọ́dún tó kọjá, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá. Mo kúrò ní Ìbàfò, mo wá tọ́jú rẹ̀. Mi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ó fi dákẹ́ lọ́dún yìí. Mo bi í bóyá kí n pe Làmídì wá, kí Bàbá lè dárí jì í. Ó ní, "Ọlọ́run aláàánú ni, kó dárí jì í. Èmi kọ́ ni Ọlọ́run." Ó sùn. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, mi ò lè purọ́. Mi ò tíì rí ẹni tó tún máa fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ fídáù rẹ̀, Làmídì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Lèmọ́mù. Ó sunkún, ó sunkún dáadáa. Ó ní àwọn ti parí ìjà. Ó wá nu ojú, ó ní, "Kó tó lọ, èmi àti òun nìkan, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, 'Làmídì, ọ̀nà odò yẹn, mo fi lé ọ lọ́wọ́, ṣe é bó ṣe wù ọ́.'" Àwọn èèyàn ní "Alihamudulilahi." Baálẹ̀ tuntun, tó ti Èkó dé, tí kò mọ nǹkan kan nípa òjò àti koríko, mi orí pé ó dáa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin tilẹ̀ ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo dìde. Ìyá mi fa ìró mi. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Làmídì.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Ọjọ́ wo lẹ wá? Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn."

"Ṣé irọ́ ni mò ń pa ni, ọmọ yìí?"

"Rárá o, sà. Ta ni yóò pe àgbà ní òpùrọ́? Kí ẹ kàn gbọ́wọ́ lé Àlùkùránì, kí ẹ tún un sọ."

Lèmọ́mù, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tú aṣọ kúrò lára Àlùkùránì, ó nà án sí i. Làmídì wò ó. Ó ní, "Mi ò ní àlùwàlá lára." Lèmọ́mù ní kí wọ́n bu omi wá. Wọ́n gbé omi sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo èèyàn ń wò ó. Ó wo omi náà títí, ó kó agbádá rẹ̀ jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà.

Kò sí ọ̀nà míì tó dé ilé rẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ó bọ́ sórí yangí, òun nìkan. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, koríko ti ń yọrí lójú ọ̀nà. Mo tẹ̀ lé e dé ibi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀, mo sì ké sí i kí gbogbo fídáù lè gbọ́: "Ẹ rọra o, Bàbá! Ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́ dáadáa!"